Wákàtí Kan Tí Royston Guilding Fi Kún Un

Ní abúlé wa, Hockpill, tí ó wà ní etí odò Severn, ohun méjì ni gbogbo ènìyàn mọ̀ dájú ní oṣù Ẹrẹ́nà: èkíní, pé ìgbà ìrúwé ti dé, èkejì, pé kò tíì dé. Àwọn òdòdó aláwọ̀ ìyeyè a yọ ní etí ọ̀nà, oòrùn a ràn fún ogójì ìṣẹ́jú, àwọn ọkùnrin a sì wọ ṣòkòtò péńpé lọ ra búrẹ́dì. Kí wọ́n tó padà délé, yìnyín ti ń pa wọ́n lórí. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lọ wọ ṣòkòtò gígùn, nítorí ẹni tí ó bá pààrọ̀ aṣọ ti gbà pé ojú ọjọ́ ṣẹ́gun òun.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gba ìgbà ìrúwé gbọ́ rárá. Royston Guilding ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí ó ń kọ pátákó omi. Pátákó dúdú kan ni, tí a kàn mọ́ òpó níbi tí ọ̀nà ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ yìí nìkan ni ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí àwọn baba ńlá wa, nínú ọgbọ́n wọn tí kò láfiwé, kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sórí òkè kékeré kan, wọ́n sì la ọ̀nà rẹ̀ gba inú kòtò. Bí òṣùpá bá kún, tàbí bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi òkun a gun odò wá, ọ̀nà náà a sì di odò fún bíi wákàtí kan àti ààbọ̀.

Ojoojúmọ́, fún ọdún méjìdínlógójì, ni Royston ń fi ẹfun kọ aago tí omi yóò kún sára pátákó náà, pẹ̀lú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ àti èrò tirẹ̀ nípa ojú ọjọ́. Èrò yìí kì í gùn. "Òjò," ni ó máa ń kọ. Ní ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, a kọ ọ́ pé, "Òjò díẹ̀." Edna, ìyàwó rẹ̀, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun pátákó náà ní ọ̀dà. Edna ti kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, láti ìgbà náà ni Royston sì ti ń fi aṣọ rírọ̀ nu pátákó náà ju bí ó ti ń nu tábìlì oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Àbùkù kan ṣoṣo ni pátákó náà ní: kì í sọ aago tí ó tọ̀nà láti òpin oṣù Ẹrẹ́nà títí di òpin oṣù Ọ̀wàrà. Ìjọba a pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú ti aago síwájú ní wákàtí kan. Gbogbo ìlú a tì í, Royston kò ní tì í.

"Ṣé wọ́n ti sọ fún odò?" ni ó máa ń béèrè. "Ẹ lọ sọ fún odò. Bí odò bá gbà, èmi náà gbà."

Nítorí náà, àwa ará Hockpill ti kọ́ ìṣirò kan kí a tó kọ́ èyí tí ilé-ìwé fi kọ́ wa: fi ọ̀kan kún Royston. Bí pátákó bá sọ pé aago mẹ́jọ, mẹ́sàn-án ni. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n. Àwọn màlúù pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni Ìyáàfin Philippa Strang, tí ó kó wá láti Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọkọ̀ funfun kan àti ìfẹ́ tí ó jinlẹ̀ sí ìgbésí ayé abúlé. Ní ìgbà ìrúwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ka pátákó, ó rò pé omi ti kún tán ó sì ti lọ, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ ọ̀nà ìsàlẹ̀, ó sì bá omi pàdé ojúkojú. Bàtà rẹ̀ nìkan ni omi bà jẹ́, ohun tí ènìyàn lè dárí jì sì ni. Ìyáàfin Strang kò dárí jì. Lẹ́yìn ọdún kan, òun ni alága ìgbìmọ̀ abúlé.

Ní ìpàdé oṣù Ẹrẹ́nà, ó dìde, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

"Ọ̀gbẹ́ni Guilding, pátákó yín ń parọ́ fún oṣù méje lọ́dún."

"Aago yín ni ó ń parọ́, ìyáàfin. Pátákó mi ń sọ ohun tí oòrùn sọ."

"Oòrùn wo?" ni Doreen Vick, tí ó ni ṣọ́ọ̀bù abúlé, béèrè láti ẹ̀yìn. "A ò rí i láti ọjọ́ Jímọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Strang kò rẹ́rìn-ín. Ó ka ìpinnu rẹ̀ sókè: bí Royston bá kọ aago tí gbogbo ènìyàn ń lò, pátákó dúró, bí kò bá kọ ọ́, kí wọ́n yọ pátákó náà, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kan tí yóò máa fi aago omi hàn, tí ó ń tàn bí ojú ẹja, sí ipò rẹ̀. Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Ọjọ́ Imọ̀ Ọ̀pẹ ni wọn yóò dìbò.

"Ẹ ó yọ pátákó Edna?" ni Royston béèrè. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Ọwọ́ yín ló wà," ni Ìyáàfin Strang dáhùn.

Ẹni tí ó bá mọ Royston yóò ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé pátákó náà ti lọ. Àgbà ọkùnrin yìí ni ó bá dókítà jà lórí orúkọ àìsàn ara rẹ̀. Ó bá Doreen yan odì fún ọdún mẹ́rin nítorí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín kan tí kò gan tó bó ṣe fẹ́. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tí ó retí nǹkan kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ṣáájú Ọjọ́ Imọ̀ Ọ̀pẹ, gbogbo ìlú ti ti aago síwájú, òṣùpá ti kún, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé omi yóò ga ju bí ìwé ti sọ lọ. Royston sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí pátákó. Ní aago tirẹ̀, omi ọjọ́ kejì yóò kún ní aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú. Ó dúró títí ẹfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nínú òjò. Lẹ́yìn náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún méjìdínlógójì, ó fi wákàtí ìjọba kún un: aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bí olè, ó sì gba ilé lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ kò lọ dúró ní ìdí pátákó bí ó ti máa ń ṣe, nítorí ojú ń tì í.

Ó kàn jẹ́ pé gbogbo abúlé ka pátákó náà.

Ní Ọjọ́ Imọ̀ Ọ̀pẹ, a máa ń tò láti pápá òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti ilẹ̀ tí oòrùn wà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Doreen a sì máa ṣíwájú. Bísíkíìtì ni orúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà. Àlùfáà wa, Hester Lydiatt, ẹni tí ó nígbàgbọ́ nínú Ọlọ́run àti nínú kíkúrò nílé lásìkò, dúró ní iwájú wa nínú aṣọ funfun àti bàtà rọ́bà.

"Doreen, kí ni Royston kọ?"

"Mẹ́wàá ku ogún."

"Fi ọ̀kan kún un. Mọ́kànlá ku ogún. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ la wà yìí. A ó ti kọ orin kejì tán kí omi tó ronú pé òun fẹ́ wá."

Ẹni tí ó pàṣẹ fún Royston láti fi wákàtí náà kún un gan-an kò fura pé ó ti ṣe é. Ìyáàfin Strang ti dé ìdí pátákó ní kùtùkùtù, pẹ̀lú búrẹ́dì adídùn alámì àgbélébùú kún inú ọkọ̀, ó ka ohun tí ó wà níbẹ̀, ó sì sọ fún Doreen pé, "Ẹ wò ó. Kò yí i padà. Ọkùnrin yẹn ì bá kú kí ó tó gbọ́ràn." Òun náà, tí ó ti di ọmọ abúlé wàyí, fi ọ̀kan kún un, ó sì wakọ̀ lọ kó búrẹ́dì sí ṣọ́ọ̀ṣì láìkánjú.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wá nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ìsàlẹ̀. Níbi òpó pátákó, Bísíkíìtì dúró. Doreen fà á, kò lọ. Doreen tì í láti ẹ̀yìn, kò lọ.

"Ẹran òpònú," ni Doreen wí. "O fẹ́ dójú tì mí níwájú Àlùfáà?"

A fi í sílẹ̀ níbẹ̀, a sì ń bá orin wa lọ. Nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, òun nìkan ni kò mọ ìwé kà.

A ti dé àárín ọ̀nà, níbi tí ògiri olókùúta fífẹ̀ kan ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nígbà tí a gbọ́ ariwo. Royston ni, ó ń sáré bọ̀ láti òkè nínú sálúbàtà àti ẹ̀wù àwọ̀sùn. Ó ti rí wa láti ojú fèrèsé.

"Ẹ padà! Omi ń bọ̀!"

"Ó ku wákàtí kan, Royston!" ni Doreen kígbe. "Padà lọ sùn!"

"Kò ku wákàtí kankan! Mo ti fi kún un!"

"O fi kí ni kún kí ni?"

"Wákàtí yẹn! Wákàtí ìjọba! Mo ti fi í kún un lórí pátákó!"

Gbogbo wa yíjú sí i. Lẹ́yìn náà ni Àlùfáà fi ohùn pẹ̀lẹ́, ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, sọ pé, "Ẹ̀yin kẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni Guilding, ẹ̀yin?"

"Èmi!" Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ẹ̀rí-ọkàn mi jẹ́rìí pé ó rọrùn fún un láti rì ju kí ó sọ gbólóhùn tí ó kàn lọ. "Mo gbọ́ràn sí obìnrin yẹn lẹ́nu. Ṣé ó ti dùn mọ́ yín báyìí? Mo gbọ́ràn!"

"Irọ́ ni," ni Doreen wí. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wí i, omi yọ láti inú gọ́tà, láìsí ariwo, bí àlejò tí ó mọ ilé, ó sì wọ inú bàtà rẹ̀.

Kò sí àkókò láti padà. Gbogbo wa gun ògiri, àti àgbà àti ọmọdé, pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ wa. Royston ni ó gbé àwọn ọmọdé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, omi sì ti dé orúnkún rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó gùn ún. Láti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ funfun kan ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó ya omi sí méjì, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Ìyáàfin Strang jáde láti ojú fèrèsé rẹ̀. Bàtà tuntun ni ó tún wọ̀. Royston na ọwọ́ sí i, ó fà á gun ògiri, ó sì jókòó tì í, nítorí kò sí àyè mìíràn.

Yìnyín rọ̀. Oòrùn ràn. Yìnyín tún rọ̀.

"Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe ní kí ẹ kọ ọ́," ni obìnrin náà wí nígbà tí ó yá.

"Mo kọ ọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kí n sọ pé kí ni? Kí n máa lu agogo kiri pé Royston ti juwọ́ sílẹ̀?" Ó fi apá ẹ̀wù àwọ̀sùn nu imú. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ. Kí ló dé tí ẹ fi ọ̀kan kún un?"

Ìyáàfin Strang wo ọkọ̀ rẹ̀, tí omi ti dé ojú fèrèsé rẹ̀ báyìí.

"Mi ò gbà pé ẹ lè ṣe é," ni ó wí.

"Èmi náà ò gbà," ni Royston dáhùn. "Edna ì bá ti rẹ́rìn-ín títí ìhà yóò fi dùn ún."

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi jókòó síbẹ̀. Àlùfáà wàásù láti orí ògiri, ó sì jẹ́ ìwàásù kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò dìde kúrò níbẹ̀ kí ó tó parí. Lókè, Bísíkíìtì ń jẹ imọ̀ ọ̀pẹ tí Doreen jù sílẹ̀ nígbà tí ó ń tì í, ara rẹ̀ gbẹ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ pàdé. Royston jókòó sí ẹ̀yìn, ó di ẹfun mú nínú àpò rẹ̀, ó ti múra tán láti pàdánù pátákó náà, nítorí ọ̀nà méjèèjì ni ó ti gbà ṣe é, èyí tí kò gbọ́ràn àti èyí tí ó gbọ́ràn, omi sì ká ènìyàn mọ́ nínú méjèèjì. Ìyáàfin Strang dìde pẹ̀lú ọ̀fìnkìn. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń tàn ti kúrò nílẹ̀, nítorí ó dá òun lójú pé bí wọ́n bá gbé e síbẹ̀ lọ́la, gbogbo Hockpill yóò fi ọ̀kan kún un. Lẹ́yìn náà ni ó ka àbá tuntun, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìgbìmọ̀ bí ó ti rí: pé, fún ààbò gbogbo ará ìlú, kí pátákó omi wà ní ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Guilding níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà láàyè, kí ó sì máa ṣe àṣìṣe bí ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, láìyẹ̀.

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Royston dìde.

"Kì í ṣe àṣìṣe," ni ó wí.

"Royston, jókòó," ni Doreen wí.

Ó jókòó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pátákó náà ti mọ́ tónítóní, aago oòrùn ti padà sórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí èrò rẹ̀ nípa ojú ọjọ́ máa ń wà, ó kọ ọ́ pé: "Òjò díẹ̀."