Láptọ́ọ̀pù Tuntun Tíṣà Bámijókò

Ẹ má bá Tíṣà Bámijókò sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án Sátidé yìí o, inú ń bí i. Bàbá tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ n'Ísẹ̀ ìlú wa títí tó fi fẹ̀yìntì, ọmọ-ọmọ tirẹ̀ kan ṣoṣo ni kò rí kọ́. Kánádà ni Fẹ́rànmí wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Dèbórà. Orí láptọ́ọ̀pù ni Tíṣà ti ń kọ́ ọ ní èdè wa, àmọ́ kó tó ní "tún un pè," ojú ọmọ á ti gan síbẹ̀ bíi fọ́tò ara ògiri. Dèbórà wá là á mọ́lẹ̀.

"Bàbá mi, bí ti Sátidé tó ń bọ̀ ò bá dáa, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ó ti sú ọmọ yìí."

Ká fi í sílẹ̀ kẹ̀! Kí ọmọ Ìsẹ̀ má gbọ́ èdè Ìsẹ̀?

Kì í ṣe pé wọn ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Dèbórà ti fi máífáì ránṣẹ́, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín in kiri ilé, Tíṣà sì ti fà á lé ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́rìnsọ́lá, lọ́wọ́ pé kó tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó yẹn ni ọ̀daràn! Tíṣà wọ mọ́tò, ó di Ìkẹ̀rẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù Ṣeun tó ń ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Ṣeun ní èyí ń sáré, ó ní bátìrì tọ̀hún kì í tètè kú.

"Ta ló bi ọ́ léré ìje? Èwo ló ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì?"

"Gbogbo wọn ni, sà."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ta ti àkọ́kọ́ wí!"

Wọ́n tan èyí tó pẹlẹbẹ wò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé wàá. Tíṣà rà á, ó gbé e délé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ jálẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e sídìí fèrèsé, pàbó ni. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé Ṣeun ti lu òun ní jìbìtì.

Sátidé yìí ló wá pé. Tíṣà ti gbé iṣu ńlá kan lé orí tábìlì, torí ó ti ṣèlérí pé Fẹ́rànmí máa rí uṣu oko òun. Ohùn Dèbórà ń já: "Bàbá... a ò gb... ẹ jẹ́ ká..." Ó gan.

Ọmọ́rìnsọ́lá ò lè wo ojú ọkọ rẹ̀ mọ́. Ó wọ yàrá lọ mú ìborùn, pé kí ọmọ kúkú rí òun dáadáa kí wọ́n tó dágbére. Ó ṣí àpótí irin rẹ̀.

"Bàbá! Ẹ káàsán o!" Fẹ́rànmí ni, ketekete.

Ọmọ́rìnsọ́lá pa àpótí dé. Ọmọ gan.

"Ìyá Dèbórà! Kí lo ṣe?"

"Èmi kẹ̀? Àpótí ni mo pa dé."

"Tún un ṣí!" Ó ṣí i, ọmọ ń rẹ́rìn-ín. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Máífáì yín ni, lábẹ́ aṣọ òfì mi. Bí mo bá ti ṣaájì ẹ̀ tán ni mo ń dá a padà. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n tọ́jú ẹ̀ ni?"

Tíṣà fẹ́ bú èèyàn, ẹni tí yóò bú ni kò rí.

"Bàbá," Fẹ́rànmí nàka, "uṣu nì yẹn!"

Uṣu. Bí wọ́n ṣe ń pe iṣu n'Ísẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe pè é. Omi lé ròrò sójú bàbá náà.

"Tún un pè."

"Uṣu!"

Ọmọ́rìnsọ́lá fọwọ́ méjèèjì gbé ìdérí àpótí sókè títí ẹ̀kọ́ fi parí. Kò sẹ́ni tó rántí pé wọ́n lè mú ẹ̀rọ náà jáde.