Bàbá Ogójì àti Ọ̀nà Tí Baba Ńlá Wọn Gbà Wọ̀lú

Ìtàn eyín ni gbogbo àdúgbò máa ń kọ́kọ́ sọ bí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Ogójì. Ṣúmékà ni. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí rán bàtà, ẹni tó bá sì gbé bàtà wá, dandan ni kó gbọ́ bí baba ńlá rẹ̀ ṣe fẹsẹ̀ rin ogójì ọjọ́ gbáko kó tó dé ìlú yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ fún un.

Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ wá ibi tí baba ńlá náà kọ́kọ́ sinmi sí. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé ẹgbẹ̀ta ìṣísẹ̀ ni láti orí afárá àtijọ́, kéèyàn kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó kà á gba ọgbà ilé-ìwé kọjá, ó kà á gba àárín àwọn tó tò síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n kí i, kò dáhùn, kó má baà ṣì í kà. Orí àga oníṣègùn eyín ni ẹgbẹ̀ta pé sí.

Àga náà ṣófo, ó nà gbọọrọ. Bàbá Ogójì dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, ó dijú, omi ayọ̀ lé ròrò lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oníṣègùn wọlé bá a.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ibo ló ń dùn yín?"

"Kò síbi tó ń dùn mí, Dókítà. Ibí gan-an ni baba ńlá mi sinmi sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rìn ín fún yín."

Ó la ẹnu gbàgà láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Oníṣègùn bojú wo inú ẹnu náà, ó rí eyín kan tó ti jẹrà. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora wọlé ní ọjọ́ kìíní ìrìn-àjò, nígbà tí ìtàn yóò fi dé ọjọ́ kẹta, eyín ti wà nínú abọ́.

Akọ̀wé, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló lọ mú un wálé. Òkè ilé kan náà ni Akọ̀wé ń gbé láti ìgbà tí bàbá tirẹ̀ ti kú, ibi tí ìjọba ń kó àwọn ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Etí rẹ̀ ni ìtàn ogójì ọjọ́ ṣe dàgbà. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ẹkùn kan ló dènà de baba ńlá. Nígbà tó fi gba iṣẹ́, ẹkùn ti di mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń bẹ̀bẹ̀.

"Bàbá, ẹkùn kan lẹ máa ń sọ tẹ́lẹ̀."

"Ó ti bímọ ni, Akọ̀wé. Ṣé o rò pé yóò dá wà títí ni?"

Ẹnìkan ṣoṣo ni kì í fi ìtàn náà sílẹ̀ fún un. Oníbúrẹ́dì òdìkejì títì ni. Ó ní ní tòun o, ẹṣin ni baba ńlá òun gùn wọ̀lú. Bàbá Ogójì yọ ìṣó lẹ́nu, ó wò ó títí.

"A jẹ́ pé ẹṣin ló ṣí wá síbí. Bàbá yín kàn jókòó lé e lórí ni."

Ọ̀rọ̀ ò le títí àwọn àgbà àdúgbò fi pinnu láti tẹ ìwé kékeré kan nípa àwọn ìdílé tó kọ́kọ́ débẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ìtàn, kó mú ẹ̀rí wá. Bàbá Ogójì kò bẹ Akọ̀wé ní nǹkan kan rí. Mẹ́ta nínú bàtà Akọ̀wé ló kọ́kọ́ tún ṣe láìjẹ́ pé wọ́n bàjẹ́, kó tó lè la ẹnu sọ pé, "Níbi iṣẹ́ yín yẹn, bóyá ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀."

Oṣù méjì ni Akọ̀wé fi ń tú ìwé ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán. Inú ìwé ńlá kan tí eruku ti bò, ti ibùdókọ̀ rélùwéè, ló ti rí orúkọ baba ńlá wọn àti ti ìyá tó bí i. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó dà á kọ, ó kì í sínú àpò rẹ̀, kò sì mú un jáde fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, Bàbá Ogójì pè é.

"Ò ń yọ́ wọlé bí ẹni tó fọ́ àwo. Kà á fún mi."

Ó kà á. "Ọkùnrin yìí, ẹni ọdún méjìlélógún, sùn kọjá ibi tó ń lọ. Nígbà tí a jí i, ó béèrè ibi tó wà. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì ti sọnù nínú ọkọ̀. Ó ní lọ́la ni òun yóò padà."

Bàbá Ogójì gbé òòlù sílẹ̀. "Ogójì ọjọ́ ńkọ́?"

"Wákàtí mẹ́sàn-án ni, Bàbá."

"Àwọn ẹkùn?"

"Kò sí ẹkùn níbẹ̀."

"Ọ̀kan péré ńkọ́?"

"Wọn ò kọ ọ́, Bàbá."

Odidi ọjọ́ méjì ni fèrèsé ìsàlẹ̀ fi wà ní títì. Àwọn èèyàn ń gbé bàtà wá, wọ́n ń gbé e padà. Akọ̀wé kò lè jẹun. Ó ń rò ó pé kí ló dé tí òun ò parọ́, kí òun ní ìwé náà ti sọnù. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọdún kẹrin rèé tí orúnkún kò ti jẹ́ kí Bàbá Ogójì gòkè.

"Bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ?"

"Ọ̀kan ṣoṣo, Bàbá."

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kò mọ ẹnikẹ́ni. Kò mọ orúkọ ìlú. Ó wá jókòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bàtà kejì. Ibẹ̀ niṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀, Akọ̀wé, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo sì ti ń wá a." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín náà ń ga sí i. "Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá mọ ibi tó ń lọ. Èyí ò mọ̀, ó sì dúró."

Òun fúnra rẹ̀ ló sọdá lọ sọ fún Oníbúrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi gbọ̀n dànù lára rẹ̀.

"A jẹ́ pé rélùwéè ló ṣí wá síbí."

"Òótọ́ ni," ni Bàbá Ogójì wí. "Bàbá tèmi kàn sùn lé e lórí ni."

Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Sátidé ló máa ń lọ síbi tí rélùwéè ń parí ìrìn sí, tí yóò máa wọ inú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa jí àwọn tó sùn. "Ẹ jí o. Ẹ ti kọjá ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ẹ má bínú, ìlú yìí dára." Nígbà kan, ó fọwọ́ kan ọkùnrin kan tó ká jọ sórí ìjókòó, ó ní ibo ló ń lọ. Ọkùnrin náà fi ìbínú dìde, ó ní òun ni òun wa ọkọ̀ náà.

"Ìyẹn náà ò ní kẹ́ ẹ má ṣìnà," ni Bàbá Ogójì dá a lóhùn, ó sì ràn án lọ́wọ́ wá fìlà rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló kú, wọ́ọ́rọ́wọ́, lórí ìjókòó iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ẹbí jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Onídìrí kan wá, àti ọkùnrin kan tó ń ṣe ẹ̀rọ omi pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Wọ́n dúró sápá kan. Akọ̀wé dìde lọ bá onídìrí náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Bàbá jẹ́ sí yín?"

"A ò bára wa tan, Àǹtí." Obìnrin náà nu ojú. "Mo sùn kọjá ibi tí mò ń lọ ni, lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n jí mi, wọ́n bá mi gbé ẹrù, wọ́n ní kí n jẹun ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Mi ò tíì lọ."

Akọ̀wé fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó fà á lọ́wọ́, ó ní kí àwọn àǹtí òun sún, wọ́n sì sún. Ọkùnrin ẹ̀rọ omi náà, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wá jókòó tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, àlejò ti pọ̀ ju ẹbí lọ lórí àwọn bẹ́ǹṣì náà, ẹni tó bá sì ń kọjá lọ kì í mọ èwo ni èwo, gbogbo wọn pátá ló ń kí.