Àgbébọ̀ Tí Mo Sìn Dé Akotogbo

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ọ̀kadà fi gbé mi kúrò ní Àyèká, tèmi ti agbọ̀n lórí itan. Àgbébọ̀ adìẹ kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà nínú agbọ̀n náà. Àwòdì ti gbé gbogbo ọmọ adìẹ Mojísọ́lá, àbúrò mi, tán ní Akotogbo, ó sì ní kí n mú èyí tí òun yóò fi tún ọ̀sìn bẹ̀rẹ̀ wá. Kò mọ̀ pé láti kékeré tí àwòdì ti já ẹran gbà lọ́wọ́ mi, bí òjìji ẹyẹ bá kọjá lórí mi, mo ti ń wá ibi tí n ó sá sí nìyẹn.

Ní Ode-Irele, a dúró jẹ púpurú àti ọbẹ̀ ẹja. Ọlọ́kadà ní kí n san owó èrò méjì. Mo ní èmi nìkan ni.

“Bàbá, ìyá ọlọ́mọ inú agbọ̀n yẹn ńkọ́?”

Mo san án. Lẹ́yìn Irele, ihò lórí ihò ni ọ̀nà. Ojú ọ̀run ni mo ń wò ṣáá, tí ọlọ́kadà fi béèrè bóyá òjò ni mò ń retí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo ni a bá Mojísọ́lá. Ó ti po aró àlùkò sínú abọ́ láti fi kun àwọn ọmọ adìẹ. Ní Àyèká, ariwo la fi ń lé àwòdì. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n ní kì í gbé ohun tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá yé e.

Bí mo ṣe ṣí agbọ̀n báyìí, àwòdì já bọ́ láti orí ọ̀pẹ. Kí n tó ronú, mo ti wà nínú kòtò tí wọ́n ti ń fọ ẹyìn, epo dé àyà mi. Nígbà tí mo yọjú, àgbébọ̀ ti fò mọ́ ọn pẹ̀lú èékánná, àwòdì sì ń sá lọ lọ́wọ́ òfo. Mo wá rí i dáadáa: àyà onílà wẹ́wẹ́, gbogbo ara rẹ̀ kò ju ti ẹyẹlé lọ.

Mojísọ́lá ka àwọn ọmọ adìẹ, wọ́n pé. Ó wá wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n, adìẹ ni mo po aró fún o. Ẹ̀yin ti kun ara yín ná.”

“Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀.”

“Ó yọ̀, ó sì gbé yín fo ìdí iná kọjá.”

Ọlọ́kadà tẹ́ ọ̀rá sórí àga kí ó tó gbà mí. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn, kí àwòdì má baà gbé èèyàn.

“Kò kúkú gbé yín. Àwọn adìẹ ńkọ́?”

Mo ní wọ́n dé láyọ̀. Èyí tí n kò sọ ni pé èmi kọ́ ni mo sin àgbébọ̀ dé Akotogbo. Òun ló sìn mí.