Orúkọ Ọkọ Ìyá Jẹ́jẹ́

Ìyá Jẹ́jẹ́ la máa ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í ṣe ní jẹ́jẹ́. Yàrá méjì tó wà níwájú ilé rẹ̀ ló ti ń bá àwọn abiyamọ tó ń lọ síbi iṣẹ́ tọ́jú ọmọ. Ó tẹ́ ẹní fún àwọn tó ń sùn, ó kó ohun ìṣeré sínú ọpọ́n ike ní kọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò bímọ. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ sára pátákó ẹnu ọ̀nà: ọ̀dà pupa, lẹ́tà ńláńlá, èyí tó gbẹ̀yìn há síbi etí pátákó. Èmi tí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi kọjú sí i máa ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀ pé àyè tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, rédíò ní ọwọ́ ọlọ́pàá ti tẹ ọkùnrin kan tó ń jí ọmọ gbé. Wọ́n dárúkọ rẹ̀. Orúkọ ìdílé kan náà ni. Orúkọ tó pọ̀ bí iyanrìn ni o. Àwọn oníbàárà tèmi nìkan, wọ́n tó mẹ́ta tó ń jẹ́ ẹ, wọn ò sì mọra wọn rí. Àmọ́ ta ló fẹ́ dúró ro ìyẹn? Ẹní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ẹnì kan ní ọmọ òun ń ṣàìsàn, ẹlòmíràn ní ìyá ọkọ òun ti dé láti bá òun gbọ́mọ. Irọ́ pátápátá. Inú ṣì ń bí mi sí wọn dòní.

Nọ́ọ̀sì kan nìkan ni kò mú ọmọ rẹ̀ lọ. "Màmá, ẹ má dá wọn lóhùn," ló máa ń wí. "Mo mọ̀ yín."

Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá mi.

"Àbúrò mi ní kí n fi ọ̀dà pa orúkọ yẹn rẹ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jí ọmọ ẹnikẹ́ni gbé."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ bàbá nìyẹn, kò sí ibòmíràn tí mo tún ti lè rí i. Ṣùgbọ́n tọ́mọ bá tán nílé yìí, kí ló kù fún mi?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i lórí àga, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kun gbogbo lẹ́tà náà ní funfun. Ó pẹ́ nídìí èyí tó gbẹ̀yìn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ọ̀dà ò tíì gbẹ tí ẹnu àdúgbò fi là. Wọ́n ní ẹbí rẹ̀ ni ajọ́mọgbé náà lóòótọ́, àbí kí ló ń fi pa mọ́? Àwọn tó ń sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń sọ ọ́ sókè. Èmi àti òun ò ro ibẹ̀ yẹn rárá.

Nírọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì dé, ó dúró lábẹ́ pátákó. Mo ń gbọ́ wọn láti ìdí ẹ̀rọ mi.

"Màmá, èmi ni mò ń gbèjà yín káàkiri pé orúkọ lásán ni. Kí ló dé tẹ́ ẹ wá pa á rẹ́?"

"Torí kó o má baà mú ọmọ lọ ni."

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè wo pátákó.

"Ẹ má bínú, màmá. Ẹ bá mi kó aṣọ rẹ̀."

Ìyá Jẹ́jẹ́ wọlé, ó ká aṣọ náà, ó wọ bàtà fún ọmọ. Ọmọ náà bi í bóyá òun lè fi bọ́ọ̀lù òun sílẹ̀ dọ̀la. Ó ní rárá, kó máa mú un lọ.