Ilẹ̀ Pọ́ọ́kú Tí Mo Rà Nínú Ọyẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n fi ẹjọ́ ara mi sùn yín lónìí, kí ẹlòmíràn tó bá mi rò ó. Àwọn kan lára yín ti gbọ́ díẹ̀ níbùdó àwọn zém, àwọn ọlọ́kadà wa ní Ìfàngnì, wọ́n sì ti fi iyọ̀ sí i. Ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é.

Másọ̀n ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́lé fáwọn èèyàn láti Banigbé dé Tchaada. Kò sí oníbàárà tí mi ò kìlọ̀ fún pé kó má ra ilẹ̀ tí kò tíì rí lójú òjò. Màá sọ ọ́ bí ìmáàmù tó ń ṣe wáàsí, màá tún na ìka sókè. Ó dùn lẹ́nu mi gan-an ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀?

Nígbà náà, yàrá kan àti pálọ̀ kan ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́rin ń gbé nínú ilé bàbá mi. Àbúrò mi wá fẹ́ gbéyàwó, ẹbí sì ní kí n wá nǹkan ṣe nípa yàrá. Wọn ò lé wa o, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń bi èèyàn léraléra pé ilé ńkọ́, kí ni ìyẹn?

Ìyá Màríámù, ìyàwó mi, ló ń ta gààrì lọ́jà. Ó kó àjọ ọdún mẹ́rin, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ò fẹ́ ilé ńlá. Ó ní kí àwọn ọmọ òun ṣáà ti ní ibi tí wọ́n máa sùn sí, tí ẹnikẹ́ni ò ní máa sọ fún wọn pé kí wọ́n sún.

Ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá títì ọ̀dà kọjá agbára wa. Apá Ko-Koumolou ni Ìyá Màríámù fẹ́, nítorí ó súnmọ́ ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ilẹ̀ ni owó wa lè rà níbẹ̀. Ààbọ̀ ilẹ̀ kẹ̀? Èmi, másọ̀n? Níbo ni màá gbé fàráńdà olópòó mẹ́rin sí? Níbo ni màá gbé mọ́tò sí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí mọ́tò wo. Ọ̀kadà ni mo ní, rọ́bà ni mo sì fi so ìjókòó rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń ronú fàráńdà ni Gàníù, alágbàtà ilẹ̀, ti pè mí. Ó ní odindi ilẹ̀ wà ní abúlé kan, iye ààbọ̀ ni wọ́n ń tà á. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, kí àwọn ará ibẹ̀ má baà bú mi. Gàníù gbé mi gba ọ̀nà ẹsẹ̀ kan, kíá la ti débẹ̀. Inú ọyẹ́ ni, ètè mi ti bó. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko orí rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: koríko tútù nínú ọyẹ́. Ọmọ ọdún méje á béèrè ibi tí koríko náà ti rí omi mu. Èmi sọ fún Gàníù pé ilẹ̀ yìí lọ́ràá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àṣà wa níbí rí: kí èèyàn tó fọwọ́ síwèé ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lọ kí àwọn tí wọ́n jọ pààlà. Àwọn ni ẹlẹ́rìí. Wàá gbé obì lọ, wàá jókòó, wàá sì béèrè. Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì, nítorí kò sẹ́ni tó máa ba ọjà ọlọ́jà jẹ́ bí wọn ò bá bi í. Èmi gbé obì fún ìyá àgbà tí oko kókò rẹ̀ bá ilẹ̀ náà pààlà, mi ò jókòó. Ìyá náà bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní, mo ní mẹ́rin. Ó wò mí títí, ó wá ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ẹja ò wọ́n wa níbí."

Mo ní àmín. Mo rò pé ọjà ló súnmọ́ wọn. Gàníù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Nígbà tí mo gbé ìwé ilẹ̀ délé, Ìyá Màríámù bi mí pé ibo làwọn ọmọ máa gbà lọ sílé ìwé níbẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀. Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó mọ ilẹ̀. Títí dòní, tí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ojú máa ń tì mí.

Òjò dé. Mo ti kó bíríkì sórí ilẹ̀, mo ní kí n lọ wò wọ́n. Ọ̀kadà mi ti bàjẹ́, mo bá gun zém. Láàárín ọ̀nà, ó dúró. Omi ti bo ọ̀nà ẹsẹ̀ Gàníù. Ọlọ́kadà náà ní, "Patron, ọ̀gá mi, ibí la máa ń dé lásìkò òjò. Bon, tẹ́ ẹ bá fẹ́, ká yí ẹ̀yìn gbà." A yí ẹ̀yìn gbà, ó lé ní wákàtí kan.

Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá àgbà ọjọ́sí ló dúró sí ibi tí mo fẹ́ kọ́ pálọ̀ mi sí. Omi dé e lórúnkún. Ó ń dẹ ìgèrè. Orí bíríkì mi díẹ̀ ló yọ sókè. Ìyá náà kí mi kú òjò, ó ní òun ṣáà ti sọ fún mi. Ó wá fún mi ní ẹja àrọ̀ méjì pé kí n gbé e lọ fáwọn ọmọ. Àkùrọ̀ ni mo rà, ẹ̀yin èèyàn mi. Másọ̀n ogún ọdún ra odò.

Mo rò ó fún Ìyá Màríámù. Kò pariwo. Ó wù mí kó pariwo. Ó se ẹja náà, ó bu fún gbogbo wa, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin nínú oòrùn ló wà nínú ọwọ́ yẹn. Mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé. Nígbà tí àwọn ọmọ bi mí, mo ní èéfín ni.

Lọ́jọ́ kejì ni Ìyá Màríámù gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Tchaada ní ilẹ̀ náà kó máa gbin ìrẹsì àti ẹ̀fọ́, kí wọ́n jọ máa pín in. Àbúrò mi gbéyàwó, a fún un ní yàrá, gbogbo wa sì há sí pálọ̀ fún ọdún méjì. Nígbà tí owó ìrẹsì àti ti gààrì mú kí nǹkan rọ̀ díẹ̀, Ìyá Màríámù ní ó yá, ká lọ wá ilẹ̀ mìíràn. Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ ló mú. Ó gbé agbòòrùn, èmi gbé báàgì. Ó ní, "Bàbá Màríámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ o. D'accord?" Mo ní d'accord, mo gbà.

Ní Ko-Koumolou, kò kọ́kọ́ wo ilẹ̀ rárá. Ìdí ẹ̀rọ omi ló lọ, ó bá àwọn obìnrin jókòó. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n pààlà, ó pín obì, ó sì jókòó títí di ìrun alaasari. Ìgbà náà ló bi ìyá kan pé, "Màmá, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Tó bá jẹ́ ọmọ yín ni mí, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n kọ́lé síbí?"

Ìyá náà na ọwọ́ sí òkè. Ó ní rárá, kì í ṣe èyí, ti òkè yẹn ni. Ti òkè yẹn la rà. Ààbọ̀ ni.

A ti wà níbẹ̀ báyìí. Yàrá mẹ́ta ni, a ò tíì rẹ́ ẹ, kò sí fàráńdà. Lọ́jọ́ òjò ńlá àkọ́kọ́, mo dúró síta, mò ń wo ibi tí omi ń gbà. Àwọn aládùúgbò rò pé orí mi ti yí. Omi ń lọ sójú ọ̀nà, kò yà sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo wọlé, àwọn ọmọ ti sùn lọ ní ọ̀sán gangan, oníkálukú na ẹsẹ̀ bó ṣe wù ú. Inú mi dùn, mo rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó máa pọnmi, tó máa rán ọmọ níléèwé, òun ni kẹ́ ẹ mú lọ wo ilẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti ra odò bíi tèmi? Ẹ sọ tiyín fún mi kí ìtìjú mi lè dín kù.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí n wá bá yín wo ilẹ̀, màá wá. Ṣùgbọ́n Ìyá Màríámù ló máa sọ̀rọ̀. Báàgì ni màá gbé.