Kúbúrátù Lọ Wòran ní Ògbómọ̀ṣọ́

Irọ́ tí Kúbúrátù pa láàárọ̀ Sátidé náà kò tóbi. Ó ní òun ń lọ sí àsàlátù àwọn obìnrin ní Ṣàbó, pé òun lè pẹ́ díẹ̀ nítorí wàásù. Ìyá Mùílì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Bá wa ṣàdúrà níbẹ̀," ni ìyá náà wí. Kúbúrátù ní, "Ẹ ṣé, mà," ó fa ìbòrí rẹ̀ wájú, ó sì jáde. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé.

Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni o, télọ̀ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé. Kí ló wá ń parọ́ sá nílé bí ọmọge tó fẹ́ lọ síbi ijó? Ẹ má tíì bú u. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ọdún méje ni ọkọ rẹ̀, Mashood, fi wà lórí ìdùbúlẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá, ó mú un lẹ́sẹ̀, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kúbúrátù ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń yí i síbí yí i sọ́hùn-ún kí ara rẹ̀ má baà bó. Ìyá Mùílì náà kò káwọ́ gbera. Bó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á gbà á. Ní gbogbo àkókò yẹn, ibi tó jìnnà jù tí Kúbúrátù ń dé ni ọsibítù, láti lọ gba oògùn, ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Owódé ló sì máa ń gbà kọjá. Níbẹ̀ làwọn agbèrò ti ń pariwo: "Ògbómọ̀ṣọ́! Ògbómọ̀ṣọ́! Ó ku ẹnì kan!" Ọdún méje ló fi gbọ́ pé ó ku ẹnì kan, ó sì máa ń ṣe é bíi pé òun gan-an lẹni tí wọ́n ń wí. Á gbé oògùn rẹ̀ mọ́yà, á máa lọ sílé.

Mashood kú. Kúbúrátù ṣopó tán, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ilé wá tóbi jù fún un. Lọ́jọ́ kan ló ṣàdédé wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí dáàmù Erelú. Kò ní iṣẹ́ kankan tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó kàn dúró, ó ń wo omi. Omi náà tẹ́ lọ rẹrẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lójú, àfi bó ṣe rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ó yára wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan rí òun. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ sí Awẹ́. Ó lọ sí Fìdítì. Ó ń lọ wo ìlú, ó ń wo ilé, ó ń wo aṣọ ọrùn àwọn èèyàn, ó sì ń padà sílé pẹ̀lú ara tó fúyẹ́. Ayọ̀ tó rí nínú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù ayọ̀ náà fi ń bà á. Irọ́ ló sì fi ń jáde nílé ní gbogbo ìgbà.

Ìdí abájọ ni pé Kúbúrátù kò bímọ kan tó yè nínú ilé náà. Ìyàwó tó bímọ, ọmọ rẹ̀ ló dì í mú sílé ọkọ. Òun, ọ̀rọ̀ ẹnu Ìyá Mùílì nìkan ló dì í mú. Ọjọ́ tó ṣopó tán ni ìyá náà pè é jókòó, ó ní: "Yàrá yìí, ti ìyàwó Mashood ni. Bó o bá jókòó bí ìyàwó Mashood, kò sẹ́ni tó máa lé ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó o bá rí ọkùnrin míì, mi ò ní bá ọ jà o. Kó o ṣáà kó ẹrù rẹ tẹ̀ lé e." Ohun tí Kúbúrátù ní láyé kò ju yàrá náà lọ àti maṣíìnì ìránṣọ tó wà lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀. Ta ló sì máa gbà pé opó ń wọkọ̀ lọ sí ìlú onílùú torí kó lè wo òrùlé? Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún òun alára nípa ẹlòmíràn, ó máa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta lọkùnrin náà?"

Bó ṣe jókòó sẹ́yìn mọ́tò nìyẹn láàárọ̀ Sátidé náà. Òun lẹni kan tó kù. Dírẹ́bà ń sáré, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tírélà ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá débi tí fèrèsé ń gbọ̀n. Kúbúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í ka Àyátù Kúrísíyù. Ohun tó ń dà á láàmú jù ni pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà yìí, Ṣàbó ni wọ́n máa lọ wá òkú òun sí. "Yá Alláhù," ló ń wí nínú ọkàn rẹ̀, "má jẹ̀ẹ́ kí n kú sínú irọ́."

Nígbà tó sọ̀ ní Takie, ibùdókọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣú. Ọ̀kadà níwájú, kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, àwọn ọmọ yunifásítì ń dúnàádúrà, àwọn oníṣòwò ń pe oníbàárà. Ó di báàgì rẹ̀ mú, ó ń wo ojú kọ̀ọ̀kan bóyá ojú ará Ọ̀yọ́ ni. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí apá ààfin. Ó dúró ní òdìkejì títì, ó wo ẹnu ọ̀nà ààfin Ṣọ̀ún tẹ́rùn, ó wo mọ́ṣáláṣí ńlá, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọ inú àdúgbò lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni àyà rẹ̀ ń rọ̀, ó tún máa já, ó tún máa rọ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúró ni iwájú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan. Alámọ̀ ni, wọ́n rẹ́ ẹ, àwọn fèrèsé onígi rẹ̀ lókè sì ní ọnà lára. Kúbúrátù gbàgbé ara rẹ̀ síbẹ̀, ó lanu sókè.

"Ìyá, ta lẹ ń wá?" Bàbá arúgbó kan ló yọrí lójú fèrèsé.

"Mi ò wá ẹnikẹ́ni o, bàbá. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìjókòó. Ilé yín ni mò ń wò."

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ mi ní kí n tà á, ẹ̀yin wá dúró ń wò ó! Ògúndìran lorúkọ mi. Àdùkẹ́! Bá mi ṣílẹ̀kùn fálejò!"

Ìyàwó rẹ̀ ló wá ṣílẹ̀kùn, ìyá àgbà kan tó ti tẹ̀, ó ní kí Kúbúrátù máa bọ̀ lókè, pé ibi tó dùn ún wò jù ṣì kù. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́ síwájú Kúbúrátù. Ó gbá irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà mú, omi lé ròrò sójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn bí kò ṣe dùn mọ́ láti ìgbà tí ara ọkọ rẹ̀ ṣì le. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìgbà tó máa lọ ni ọ̀ràn dé. Bàbá sìn ín wá sísàlẹ̀, ìyá ní kó dúró kí òun bù máńgòrò fún un, ó padà wọlé. Kúbúrátù, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Orúnkún rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mọ́tò Míkírà kan dúró níwájú ilé náà. Israfil ni. Ọmọ àdúgbò wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Israfil, ó ń wa èrò láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì wá já ẹrù oníbàárà kan sílẹ̀ ní àdúgbò yẹn. Ó wo Kúbúrátù lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tẹ iná mọ́tò, ó lọ.

Kò rí ìyàwó bàbá. Ẹnì kan ṣoṣo tí ì bá gba Kúbúrátù sílẹ̀, inú ilé ló wà, ó ń ṣa máńgòrò tó pọ́n.

Bí Kúbúrátù ṣe gba máńgòrò tó sì padà dé Takie, kò mọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó nínú mọ́tò tí fóònù rẹ̀ dún: Ìyá Mùílì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, agbèrò ń pariwo "Ọ̀yọ́! Ìbàdàn!" bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti tú u fó. Kò lè gbé e. Fóònù náà dún títí, ó dákẹ́, kò sì tún dún mọ́. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn ló wá dẹ́rù bà á jù. Bó ṣe ń ronú irọ́ kan ló ń rí ihò ara rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ tíì pé ọdún kan.

Nígbà tó padà dé Ọ̀yọ́, ó rí i láti ìkóríta àdúgbò wọn. Maṣíìnì rẹ̀ ti wà níta, lẹ́bàá ilé, wọ́n ti ká wáyà rẹ̀ jọ. Ìyá Mùílì jókòó tì í lórí àpótí.

"Wàásù ti parí?"

Kúbúrátù gbé máńgòrò sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Israfil ní òun rí ọ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé irọ́ ló pa?"

"Kò parọ́, mà. Èmi ni mo parọ́. Ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà ni, ìyàwó wọn wà nínú ilé. Mi ò mọ̀ wọ́n rí. Mo lọ wòran ni."

"Ìran kí ni? Ta ló ń ṣeré níbẹ̀?"

"Ìlú ni mo lọ wò, mà."

Ìyá Mùílì pòṣé. "Ó dáa. Ohun tó o rí, wí i. Má fọ̀kan sílẹ̀."

Kúbúrátù bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó sọ ti Takie, ó sọ ti ààfin. Ó ní wọ́n fín ẹja sára fèrèsé kan lókè ilé náà, wọ́n fín àkekèé sára èkejì. Ó ní igi àtẹ̀gùn kan ti jẹrà, pé ìyá àgbà ní kí òun fò ó kọjá. Ó ní ìyá náà sá ata sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ata náà sì ń ta òun lójú, òun ò sì lè kúrò níbẹ̀. Láìmọ̀, ohùn rẹ̀ ti là. "Òrùlé pánù pọ́n lọ súà, mà, igi máńgòrò ń yọrí láàárín wọn. Àwọn lékeléke wá ń kọjá lọ. Abẹ́ wa ni wọ́n ti ń fò, mà! Ẹ̀yìn ẹyẹ ni mò ń wò!"

"Kí lọkùnrin yẹn wọ̀?" Ìyá Mùílì já lu ọ̀rọ̀ náà lójijì.

Kúbúrátù dijú. Ó wá a nínú orí rẹ̀. Búbá ni àbí ṣẹ́ẹ̀tì? Kò mọ̀. "Mi ò rántí, mà," ló wí. Ó mọ̀ pé òun ti ba ọ̀ràn náà jẹ́. "Mi ò wò ó."

"Ìwọ?" Ìyá Mùílì fojú sí i lára. "Ìwọ tó o mọ aṣọ tí gbogbo ẹni tó wá síbi ìsìnkú Mashood wọ̀, títí dórí bọ́tìnnì? O ò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn wọ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

Ìyá náà dìde, ó di ẹ̀gbẹ́ kan maṣíìnì náà mú. "Bá mi gbé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìrì máa tó sẹ̀."

Wọ́n gbé e padà sẹ́bàá fèrèsé. Ìyá Mùílì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí àwọn méjèèjì ti tọ́jú Mashood, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

"Lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì yẹn," ó ní, "ṣé èèyàn ń rí Ọ̀yọ́ níbẹ̀?"

"Rárá o, mà. Ó jìnnà. Èèyàn ò lè rí i rárá."

Ìyá Mùílì wo ògiri, ó wo bẹ́ẹ̀dì.

"Bó o bá tún ń lọ, mú mi dání," ló wí. "Èmi náà fẹ́ dúró síbi tí mi ò ti ní rí ilé yìí."