Ó Dé Ṣáájú Ọkọ̀ Tó Lọ Gbé E

Ẹ má bá mi jiyàn o. Ojú mi méjèèjì ló rí i, wọn ò sì tíì fọ́.

Nígbà tí owó epo ń ṣàn ní Warri, mò ń dáná nílé ẹnjiníà kan, ará Ìjẹ̀bú, ní Effurun. Àǹtí Bísí, ìyàwó rẹ̀, lóyún, ó ti wọ oṣù ìbí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀, Éfè dẹ́rẹ́bà ti lọ gbé ọ̀gá ní pápá bàálù. Bàálù kékeré ilé iṣẹ́ wọn ló ń gbé e bọ̀ láti Èkó.

A gbọ́ bàálù náà lórí òrùlé. Ó ń fò nísàlẹ̀ jù. Lójijì, ìró rẹ̀ dákẹ́.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ gbà mí gbọ́, nínú òjò yẹn, aṣọ rẹ̀ gbẹ! Ó sì ń rùn bíi kẹrosíìnì. Èmi òmùgọ̀, mo ṣáà ń tẹ ẹ̀bà mi lọ.

Ó wọ yàrá. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Bísí, wọ bàtà rẹ. Ká lọ."

"Níbo, nínú òjò yìí?"

"Ká ṣáà máa lọ."

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ wọlé. Éfè nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó sọ sí mi létí pé, "Mama, plane don fall. E wan land, e fall for bush. Nobody come out."

Ta ló wá wà nínú yàrá?

Ẹ sọ fún mi, ta ló ń tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí aboyún létí? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló ní òkú tó bá yọ sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ikú rẹ̀ yóò lọ, bí wọ́n bá ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé ó ti kú. Mo sáré wọlé. Bàtà kan ti wà lẹ́sẹ̀ Àǹtí, èkejì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí mo bá dákẹ́, Àǹtí á bá a lọ, tòun toyún.

Mo kígbe: "Ọ̀gá, ẹ ti kú!"

Ó wò mí. Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Kí ló dé tó o fi sọ fún un?" Mo ṣẹ́jú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Bàtà ọwọ́ rẹ̀, a wá a títí, a ò rí i.

Àǹtí bí ọmọ rẹ̀ láyọ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní èmi ni mo pa ọkọ òun.

Títí dòní, bí bàálù kékeré bá fò nísàlẹ̀ nínú òjò, ẹnìkan máa ń kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi. Kì í ṣe ọwọ́ ló fi ń kàn án. Gìgísẹ̀ bàtà obìnrin ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹni tẹ́ ẹ rán ọkọ̀ lọ gbé bá dé ṣáájú ọkọ̀, ẹ má ṣílẹ̀kùn. Ẹ dúró de ọkọ̀.